Máàpù Tí A Fi Abẹ́rẹ́ Yà

Máàpù tí ìjọba ń tẹ̀ kì í purọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó mọ̀ níwọ̀n. Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan nínú ìwé Ordnance Survey, ilé-iṣẹ́ awọnlẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1791, tí ó ṣí i sí abúlé kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ rí, yóò bá ọ̀nà, odò, òkè, afárá àti ilé ìsìn níbẹ̀, olúkúlùkù ní ààyè rẹ̀, tí a wọ̀n débi pé sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lórí ìwé tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:25,000 dúró fún kìlómítà kan gẹ́lẹ́ lórí ilẹ̀. Bí kùrukùru bo ojú ọ̀run, tí òjò sì ń dà bọ̀, olúwarẹ̀ kò ní ṣìnà. Ṣùgbọ́n kí ó bi ìwé náà léèrè igi tí àwọn ọmọ abúlé máa ń gùn lọ ká èso, tàbí pápá tí omi bò mọ́lẹ̀ ní ọdún tí àwọn arúgbó fi ń ṣírò ọjọ́ orí ọmọ, tàbí ìdí tí a fi ń pe kọ̀rọ̀ kan ní orúkọ tí à ń pè é, ìwé kò ní fèsì. Awọnlẹ̀ tí ó yà á, àlejò ni. Àwọn àgbà sì ti wí pé ojú ni àlejò ní, kò fi ríran.

Nítorí àìfèsì ìwé yìí ni àwọn ará abúlé àti àdúgbò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tẹ́wọ́ gba àṣà tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín. Wọn a kó ara wọn jọ sínú gbọ̀ngán, wọn a kó abẹ́rẹ́, òwú, àkísà àrán, bọ́tìnnì, irun àgùntàn, àjákù ìwé àti gọ́ọ̀mù sórí tábìlì, wọn a sì ya máàpù ibi tí wọ́n ń gbé bí àwọn tí ń jí níbẹ̀ láràárọ̀ ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí iṣẹ́ bá tán, wọn a pàtẹ rẹ̀ kí tẹbí-tará àti tonílé-tàlejò wá fi bọ́ ojú wọn. Sue Clifford àti Angela King, tí àwọn pẹ̀lú òǹkọ̀wé Roger Deakin dá ẹgbẹ́ Common Ground sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ni wọ́n gbé ètò náà kalẹ̀ ní 1985 tí wọ́n sọ ọ́ ní Parish Maps. Páríìṣì ni ìpín ilẹ̀ tí ó kéré jù lọ nínú ètò ìjọba wọn, abúlé kan pẹ̀lú oko àti pápá tí ó yí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ká, ìwọ̀n ilẹ̀ tí ènìyàn lè mọ̀ tinú-tòde kí ó tó kú. Kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ó dá Ọjọ́ Ápù sílẹ̀ ní 1990, nítorí àwọn oko ápù àtijọ́ tí wọ́n rí pé a ń hú dànù; ohun kékeré kì í kéré lójú wọn. Ní 1987, iṣẹ́ àwọn ayàwòrán tí wọ́n bẹ̀ pé kí oníkálukú ya ibi tí ó mọ̀ jáde ní ìpàtẹ, ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé kò dúró de ayàwòrán kankan. Àṣà náà ràn bí iná ọyẹ́, ó sì ré òkun kọjá dé Ítálì, níbi tí àwọn ará agbègbè Piedmont ti sọ ọ́ di tiwọn.

Kí wọ́n tó máa ya páríìṣì sórí ìwé rárá, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń yà á. Ní ọ̀sẹ̀ Ìgòkè-re-ọ̀run Olúwa, àlùfáà, àwọn àgbà ìjọ àti àwọn ọmọdékùnrin a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ yí ààlà ká, wọn a máa fi pàṣán na òkúta ààlà àti igi ààlà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibòmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ọmọ náà gan-an ni wọn a gbé sókè, tí wọn a fi ìdí rẹ̀ gbá òkúta, kí ìrora lè bá a rántí ibẹ̀ títí irun rẹ̀ yóò fi funfun, kí ó lè jẹ́rìí bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé. Ní Oxford àti ní Tower of London, wọn kò tíì jáwọ́ nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé pàṣán nìkan ni ó kù. Àwa tí à ń gbin pèrègún sí ààlà oko, tí bàbá ń fa ọmọ lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ kí ó tó re ibi àgbà á rè, a mọ ìdí irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Àfi pé tiwa kò gba kí a fi ìdí ọmọ ọlọ́mọ gbá òkúta.

Fífi aṣọ ya ilẹ̀ pàápàá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní nǹkan bí ọdún 1590, ọlọ́lá kan tí ń jẹ́ Ralph Sheldon, ará Weston ní Warwickshire, ní kí a hun aṣọ gbàgàdà-gbàgàdà mẹ́rin tí yóò bo ògiri ilé òun, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àwòrán ìpínlẹ̀ kan: Warwickshire, Worcestershire, Gloucestershire àti Oxfordshire. Irun àgùntàn àti ṣẹ́dà ni wọ́n fi hun wọ́n, iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ tí Christopher Saxton ṣe láàárín 1574 sí 1579 ni wọ́n sì gbé ka iwájú bí òdiwọ̀n. Òkè ń yọ gọngọ, odò ń ṣàn, ilé ìsìn ń gbé orí sókè láàárín igi. Èyí tí ó ṣe odindi jù nínú wọn, ti Warwickshire, ṣì wà ní ilé àkójọ ohun àtijọ́ ìlú Warwick di òní, ilé ìkówèésí Bodleian ní Oxford sì ní nínú àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n ọlọ́lá: ilé Sheldon àti ilé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ hàn ketekete lórí aṣọ wọ̀nyí, ilé ẹni tí ń da àgùntàn tí a rẹ́ irun rẹ̀ hun ún kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá sanwó aṣọ, ilé rẹ̀ kì í fara sin. Kí ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, nítorí a ó tún bá a pàdé.

Ti Alighiero Boetti, ayàwòrán ọmọ Ítálì, tún yàtọ̀. Láti 1971 títí ikú fi pa á ní 1994, ó ń fi aṣọ tí a ti fa ìlà gbogbo ayé sí ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin oníṣẹ́-abẹ́rẹ́ ilẹ̀ Afghanistan, pé kí wọ́n fi òwú kún ilẹ̀ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ àsíá rẹ̀. Kabul ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀; nígbà tí àwọn ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì wọ ilẹ̀ náà ní 1979, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sá àsálà lọ sí Peshawar ní Pakistan, iṣẹ́ náà bá wọn lọ. Nígbà kan, aṣọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó tú u, ó sì bá gbogbo òkun àgbáyé ní àwọ̀ píǹkì! Ilẹ̀ tí kò fi ibì kankan kan òkun ni àwọn obìnrin wọ̀nyí ń gbé, òwú píǹkì ni ó sì pọ̀ nílẹ̀. Ta ni ó sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé búlúù ni òkun gbọ́dọ̀ jẹ́ lórí ìwé? Boetti kò bínú. Inú rẹ̀ dùn, ó sì fi àwọ̀ òkun sílẹ̀ fún ọwọ́ tí ń rán an láti ìgbà náà lọ. Ó ṣe é bí ọmọlúàbí ní ti àwọ̀, ṣùgbọ́n ní ti orúkọ, mo ní ọ̀rọ̀ láti bá a sọ: gbogbo ayé ni ó mọ Boetti, àwọn tí ó fi ojú àti ìka wọn ṣe é kò ní orúkọ kankan lára ògiri ilé àfihàn.

Máàpù aláṣọ mìíràn tún wà tí kò sí ẹni tí ó ń yìn ín ní iṣẹ́ ọnà, bẹ́ẹ̀ ó gba ẹ̀mí là. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ máàpù sórí ṣẹ́dà fún àwọn awakọ̀ òfuurufú wọn tí ó lè já bọ́ sí ilẹ̀ ọ̀tá, nítorí ṣẹ́dà kì í dún wùrùwùrù nínú àpò bí ìwé, omi kì í sì í bà á jẹ́. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí aṣọ di ọ̀wọ́n, àwọn obìnrin gé èyí tí ó ṣẹ́ kù, wọ́n sì fi rán bùláòsì àti yẹ̀rì. Faransé di apá, Jámánì di ẹ̀yìn.

Ó tó kí a pa dà sí gbọ̀ngán. Ẹni tí kò bá tíì bá wọn jókòó lè rò pé abẹ́rẹ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí a ó gbé kalẹ̀. Rárá o, ẹnu ni. Ìkéde kan yóò kọ́kọ́ jáde lára pátákó abúlé, pé gbogbo ẹni tí ń gbé láàárín ààlà wa, onílé àti ayálégbé, ọmọdé àti arúgbó, kí wọ́n pàdé ní alẹ́ ọjọ́ báyìí-báyìí, tíì àti bísíkíìtì wà. Nígbà tí ìjókòó bá pé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Common Ground fẹ́ kí a fi bẹ̀rẹ̀: kí ni ẹ kà sí níhìn-ín, tí ó jẹ́ pé bí ẹ bá jí lọ́la tí ẹ kò bá a mọ́, yóò dùn yín? Kò sí òfin tí ó sọ bí máàpù yóò ti tóbi tó, kò sí èyí tí ó sọ pé aṣọ ni dandan. Àwọn kan ti fi amọ̀ ṣe tiwọn, àwọn kan fi ọ̀dà, àwọn kan hun ún bí súẹ́tà. Ṣùgbọ́n aṣọ ni ó wọ́pọ̀ jù lójú tèmi, nítorí pé ó ṣe é pín kiri ilé, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn mẹ́wàá lè jókòó yí ká kí ẹnu wọn má dákẹ́.

Ẹnu yìí gan-an ni olórí iṣẹ́. Ẹnìkan a ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tí yóò jiyàn. Ẹnìkejì a ní ilé ọtí. Àwọn mìíràn a fajú ro díẹ̀, wọn a sì gbà. Ẹnìkẹta a dárúkọ odi òkúta kan tí ó ti wó tì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé a sì máa wo ara wọn lójú, títí bàbá arúgbó kan yóò fi ṣàlàyé pé ibẹ̀ ni a ti ń dúró de ọkọ̀ wàrà nígbà èwe òun. Ọmọdé kan a nawọ́, a ní ihò kan wà lábẹ́ ọgbà igi tí àwọn ń gbà wọ pápá. Kò sí àgbà kan nínú ilé tí ó mọ̀ pé ihò náà wà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: bàbá mọ ohun tí a ń pe pápá náà kí ìyá ọmọ tó délé ayé, ọmọ mọ bí a ti ń wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ó bá di alẹ́ kejì tàbí ìkẹta, pátákó a ti kún fún ohun tí aṣọ kan kò lè gbà, àríyànjiyàn a sì bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ta ni yóò bọ́ sílẹ̀? Igi òpìtàn ni tàbí ibùdókọ̀? Òwìwí tí ń ké lórí àká àtijọ́ ńkọ́? Mo gbà pé bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí bá túká lálẹ́ ọjọ́ náà láì gún abẹ́rẹ́ kan bọ aṣọ, wọ́n ti ya ìdajì máàpù wọn, nítorí pé wọ́n ti mọ ohun tí ó jẹ́ tiwọn àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ààlà ni ó tún máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ìlà tí ìjọba fà lè gba àárín òpópó kan kọjá, tí ilé apá ọ̀tún yóò jẹ́ ti páríìṣì yìí, tí ti apá òsì yóò jẹ́ ti èkejì, bẹ́ẹ̀ kànga kan náà ni àwọn bàbá wọn mu, ilé-ìwé kan náà ni àwọn ọmọ wọn ń lọ. Àwọn kan a tẹ̀lé ìlà ìjọba. Àwọn kan a ní ibi tí a bá ti ń gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa ni ààlà wa. Ti àwọn alágogo ni mo fara mọ́.

Ìṣòro kan wà pẹ̀lú tí ọ̀pọ̀ kì í rò tẹ́lẹ̀. Máàpù Ordnance Survey ní olóhun: ẹni tí ó bá da ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, tí ó fi pẹ́ńsù tọ ìlà rẹ̀, tí ó wá tẹ iṣẹ́ náà sórí káàdì fún títà, ti fọwọ́ kan ohun olóhun láìtọrọ. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ ọ̀nà fi ń lo ìwé tí a ti tẹ̀ jáde ní ohun tí ó lé ní 50 ọdún, tí ẹ̀tọ́ ìjọba ti kúrò lórí rẹ̀, tàbí kí wọ́n bọ́ sọ́nà, kí wọ́n rìn ín fúnra wọn pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù. Ìwé àtijọ́ dára, ṣùgbọ́n ìrìn ni ó sàn jù. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn tí ó ti gbé abúlé kan fún ogún ọdún a máa rìn jáde láti ya máàpù, wọn a sì bá ipa ọ̀nà tí wọn kò gbà rí.

Nígbà tí a bá fẹnu kò, ẹnìkan tí ọwọ́ rẹ̀ yá nínú àwòrán yóò fa ìlà pàtàkì sórí aṣọ ọ̀gbọ̀ tàbí téèrù tí ó nípọn, odò àti ọ̀nà ńlá ṣáájú, nítorí àwọn ni gbogbo ohun yòókù yóò fi ṣe àmì. Ìwọ̀n ilẹ̀ kì í ká wọn lára: àárín abúlé lè gba ìdajì aṣọ, kí oko tí ó lọ salalu kó sí etí ibi kan ṣoṣo. Lẹ́yìn èyí ni a óò gé aṣọ náà sí abala-abala tí a ó pín fún ojúlé, tí a ó sì tún so pọ̀ níkẹyìn, tàbí kí a fi í sílẹ̀ ní odindi lórí pátákó gbọ̀ngán, kí oníkálukú máa rán ohun tirẹ̀ nílé wá lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan rán ilé tirẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Sheldon ti pa dà wá. Bí a kò bá tètè sọ pé ilé kan kò gbọ́dọ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ẹ ó rí i pé ilé ẹni tí ó ra aṣọ yóò gbòòrò, yóò ní ọgbà, yóò ní ẹṣin lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò fẹ́ tú u mọ́, nítorí ìtìjú. Ẹgbẹ́ tí ó bá gbọ́n a gé ilé gbogbo ènìyàn láti inú bébà kan náà kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà wá ńkọ́? Odò ni mo fẹ́ràn láti máa wò jù. Ẹni tí ń rán odò kì í fa òwú nípọn gba inú aṣọ kọjá. Yóò tẹ́ ẹ sójú aṣọ gẹ́gẹ́ bí odò ti ń kọ kọ́rọkọ̀rọ, yóò wá mú òwú tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn, yóò sì máa fi í dè é mọ́lẹ̀, ìwọ̀n èékánná kan sí èkejì. Bí odò bá ń fẹ̀ sí i lọ sísàlẹ̀, yóò kó òwú kejì tì í, yóò kó ìkẹta. Ní ibi tí omi ti ń ta lórí òkúta, yóò jẹ́ kí fọ́nrán fàdákà kan yọ ojú síta. Bákan náà ni a ń ṣe ọ̀nà, àfi pé ọ̀nà kì í dán. Àgùntàn rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: a ó yọ abẹ́rẹ́ sókè, a ó wé òwú funfun mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, a ó tún ẹnu rẹ̀ tì bọlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó ti yọ, a ó rọra fà á; kókó kékeré kan yóò jókòó síbẹ̀. Kókó ogún, agbo kan nìyẹn. Bí kókó náà bá jẹ́ àwọ̀ ewé, igi ti rúwé. Bí ó bá jẹ́ pupa, ápù ti so. Oko tí a ti fi ẹ̀rọ kọ kì í ní wàhálà rárá, nítorí aṣọ kọ́dọ́rọ̀ì ti ní poro tirẹ̀ lára láti ilé-iṣẹ́, kìkì kí a gé e kí poro náà kọjú sí ibi tí ti oko gidi kọjú sí. Àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wo ìyẹn, bí ó bá sì yí, wọn a sọ.

Ní ti àwọn ohun tí kì í ṣe aṣọ, èrò mi kò bá ti ọ̀pọ̀ ènìyàn mu. Wọ́n fẹ́ràn àkànpọ̀: fọ́tò àtijọ́ tí a tẹ̀ sórí aṣọ, tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, ewé gbígbẹ, ìkarahun ìgbín, páànù ìdérí ìgò, àjákù máàpù tí a bọ́ sínú ìda, òkúta wẹ́wẹ́ láti inú odò náà gan-an. Ohun tí ó bá ti ara ilẹ̀ náà wá ní agbára tí òwú tí a rà lọ́jà kò ní, mo gbà. Ṣùgbọ́n òkúta a máa wúwo, a sì máa fa aṣọ wálẹ̀ títí yóò fi já. Ewé a máa rún. Gọ́ọ̀mù olówó pọ́ọ́kú a máa pọ́n bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, àbàwọ́n rẹ̀ a sì gba iwájú aṣọ yọ. Ohun tí a bá rán ṣe é tú, ó ṣe é tún ṣe. Bí òkúta bá jẹ́ dandan, kí a fi àwọ̀n òwú dè é, bí a ti ń fi àwọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ wọ igbá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kí a sì fi aṣọ nípọn tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Etí aṣọ ni a máa ń fi sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀: orúkọ pápá, orúkọ ẹyẹ, orúkọ òdòdó, ọdún tí a ṣe é, àti, ní ibi tí wọ́n bá ti mọ ohun tí ó tọ́, orúkọ gbogbo ẹni tí ó gún abẹ́rẹ́, títí kan ọmọ tí ó rán kókó kan péré. Ohun tí Boetti kò ṣe nìyẹn, abúlé kékeré sì ń ṣe é.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n fi oyin bo ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú máàpù wọ̀nyí ni oòrùn ń ràn nínú wọn láìwọ̀. Òdòdó kún ibẹ̀, ilé àtijọ́ kún ibẹ̀, ẹṣin dúró lẹ́nu ọgbà. Ẹ wá òpópónà mọ́tò ńlá tí ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí abúlé sùn, ẹ kò ní rí i. Ẹ wá ilé tí ìjọba kọ́ fún mẹ̀kúnnù, ó lè jẹ́ pé ewé igi ni ó bò ó. Ẹni tí ó kó dé láti ilẹ̀ òkèèrè lè má rí ilé tirẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀, alẹ́ ọjọ́ ìpàdé ni ó ń ṣiṣẹ́ òru, kò sì sí ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ojú tí ó rí ẹwà nìkan lára ibùgbé rẹ̀ kò tíì wò ó tán. Máàpù tí mo bá rí ibi ìdàlẹ̀nù àti ilé-iṣẹ́ tí ó ti kógbá wọlé nínú rẹ̀, èyí ni mo máa ń dúró tì pẹ́.

Ìpàtẹ pàápàá ní ìmọ̀ tirẹ̀. Oòrùn ni ọ̀tá aṣọ àkọ́kọ́: a kì í fi í kọ́ ojú fèrèsé, iná tí yóò sì tàn sí i kò gbọ́dọ̀ mú ojú, 50 lux ni àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fi ṣe òdiwọ̀n fún aṣọ, ìwọ̀n iná tí ó máa ń jẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ ṣẹ́ ojú kí ó tó ríran. A ó rán aṣọ gbọọrọ kan sí ẹ̀yìn rẹ̀ lókè, a ó ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, kí ìwúwo lè pín dọ́gba. Ìṣó kì í kan ojú iṣẹ́. Ibi tí a ó gbé e kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́fà rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere. Nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè wo kókó àgùntàn wọ̀nyí kí ìka rẹ̀ má yún un, ó dára kí a rán abala kékeré kan sọ́tọ̀, kí a kọ ọ́ sí i pé èyí wà fún fífọwọ́kàn, ti ńlá yóò sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rá àti èérí.

Nígbà tí a bá ṣí ilẹ̀kùn, ẹ ó rí ohun kan náà níbi gbogbo. Ènìyàn yóò wọlé, yóò kí ọ̀tún kí òsì, ojú rẹ̀ yóò sì ti máa sáré lórí aṣọ. Ilé tirẹ̀ ni ó ń wá. Ó dìgbà tí ó bá rí i, tí ó ti fi ìka hàn án fún ẹni tí ó tẹ̀ lé e wá, kí ó tó lè wo nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́: àwọ̀ ilẹ̀kùn kì í ṣe àwọ̀ yẹn, wọ́n gbàgbé kànga, afárá yẹn ti wó kí ẹ tó bí ẹni tí ó rán an. Àwọn tí ó gbọ́n nínú àwọn olùpàtẹ a ti gbé ìwé ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kí gbogbo ẹjọ́ wọ̀nyí bọ́ sínú rẹ̀. Mo ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, mo sì lè sọ láìsàbòsí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dára ju aṣọ náà lọ.

Ó ṣòro fún Yorùbá láti wo gbogbo èyí kí ọkàn rẹ̀ má lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìyá aláró. Ní Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, ìlú tí ń bẹ lórí òkè tí kò sì ṣe é gbé pa mọ́, a parí Gbọ̀ngán Mápó ní 1929, ilé gàgàrà olópòó òkúta tí ìjọba amúnisìn kọ́ láti fi agbára hàn. Àwọn obìnrin wo òpó wọ̀nyí, wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ tí a tì bọ ẹ̀kọ láfún yà wọ́n sórí aṣọ, wọ́n to ṣíbí sáàárín wọn, wọ́n rì í sínú aró ewé ẹ̀lú títí ó fi dú bí òru, wọ́n sì sọ aṣọ náà ní Ìbàdàndùn. Aṣọ yìí kò lè mú àlejò dé Ọjàaba, kò ní ọ̀nà, kò ní odò. Síbẹ̀ ó yan ohun kan lára ìlú, ó gbé e lékè, ó sì sọ ìdí tí a fi ń gbé ibẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti ti páríìṣì ni pé ẹnikẹ́ni kò pe ìpàdé lé e lórí. Aláró kan wò ó, ó yà á, ọjà sì dìbò fún un. Aṣọ tí ìlú kò bá gbà, kò ní tà, kò ní pọ̀, kò ní ní orúkọ. Ìpàdé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe nínú gbọ̀ngán, ìsọ̀ aṣọ ni tiwa ti ń wáyé. Ohun tí mo rí pé tiwọn fi ta tiwa yọ ni orúkọ tí ó wà létí aṣọ, nítorí aláró àkọ́kọ́ tí ó wo òpó Mápó tí ó rí àdìrẹ nínú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti bá omi aró lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni ti ìtọ́jú. Nígbà tí ìpàtẹ bá parí, a kì í ká aṣọ náà bí aṣọ òkè, nítorí ojú ibi tí a ká a sí yóò gé. A ó yí i mọ́ ọ̀pá nípọn, ojú síta, pẹ̀lú aṣọ funfun tí a ti fọ̀ mọ́ láàárín, a ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò nítorí kòkòrò tí ń jẹ irun àgùntàn. Ọ̀pọ̀ abúlé ni kò sì ní ká a rárá, wọn a fi í sínú gíláàsì nínú gbọ̀ngán tàbí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Níbẹ̀ ni ìbéèrè tí kì í tán ti máa ń dìde: wọ́n kọ́ ilé tuntun méjìlá sí pápá òkè, wọ́n ti ilé ìfìwéránṣẹ́ pa, igi ńlá wó, ṣé kí a tún aṣọ náà ṣí, kí a rán ti tuntun mọ́ ọn? Àwọn kan a ti fi àlàfo sílẹ̀ létí aṣọ nítorí ọjọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Èmi kò bá wọn fọwọ́ sí i. Àwọn tí ó yan ohun tí ó wà lórí aṣọ yẹn jókòó ní àkókò tiwọn, wọ́n jà, wọ́n parí ìjà, wọ́n sì kọ ọdún náà sí i. Ẹni tí ó bá fi ilé kún un lẹ́yìn wọn ń dá sí ìjà tí kò ṣojú rẹ̀. Kí wọ́n fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà, pẹ̀lú ilé ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀ àti igi rẹ̀, kí àwọn ará ilé méjìlá náà pe ìpàdé tiwọn, kí wọ́n ra aṣọ ọ̀gbọ̀ tuntun, kí a sì fi méjèèjì kọ́ sí ògiri kan náà.